Bàálù Tí Télọ̀ Gé

Nígbà tí bàálù àkọ́kọ́ já lọ́wọ́ bọ̀dá mi, orí táńkì omi ilé kejì ló já sí, ó sì ní afẹ́fẹ́ ni. Èkejì já sínú ọ̀sà, ó ní afẹ́fẹ́ ni. Ìkẹta kọlu ògiri ilé bàbá wa gan-an ní ọ̀sán kan tí ewé kan ò mì ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó dúró wò ó títí, ó ní a ò lè mọ̀, ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́.

Bàálù tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń wọ̀ lọ sí Mẹ́kà. Bàálù kékeré ni, tí apá rẹ̀ méjèèjì kò gùn ju tábìlì ìlọṣọ lọ, tó ní bátìrì nínú àti fáànù ní imú, tí èèyàn sì ń fi rìmóòtù darí láti ilẹ̀. Àgbàlagbà ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é káàkiri ayé. Mo ti rí wọn lórí fóònù mi, àwọn bàbá onírùngbọ̀n funfun tí wọ́n ń sunkún lórí fóòmù tó kán. Mo sọ èyí kí ẹ má bàa rò pé orí bọ̀dá mi ti dàrú. Ìyàwó rẹ̀ rò bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Télọ̀ ni bọ̀dá mi. Ó ti ń rán aṣọ kí wọ́n tó bí mi. Agboolé tí kò ti rán agbádá fún bàbá kó tún rán fún ọmọ kò pọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa títí dé Olówógbowó. Ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé òkè, èmi sì ń gbé yàrá ẹ̀yìn láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé tí mo ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Marina. Èmi ń bẹ nílé lójoojúmọ́, bọ̀dá mi náà ń bẹ nílé, a sì ti bá ara wa jiyàn tán lórí gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ kí bàálù tó dé.

Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ló fi àkọ́kọ́ ránṣẹ́ nínú páálí, ó ní kí bàbá òun máa fi najú. Ìyàwó wa wo páálí náà, ó ní, "Àlàájì, ṣé ọmọ yín ò mọ ọjọ́ orí yín mọ́ ni?" Bọ̀dá mi ti ń ka ìwé tó wà nínú páálí, ó sì ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yé. Lọ́jọ́ kejì ni ará ilé kejì pè wá pé nǹkan kan wà lórí táńkì àwọn.

Ẹlòmíì ì bá jáwọ́ níbẹ̀. Bọ̀dá mi kó ẹ́ńjìnnì àti bátìrì tó kù sínú agolo tó ń kó bọ́tìnnì sí. Lẹ́yìn náà ó rí fóòmù tí wọ́n fi di tẹlifíṣàn ẹnì kan nínú agboolé, ó gbé e sókè, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. "Gígé ni, rírán ni," ó ní. "Kí ló wá ṣòro níbẹ̀?"

Bó ṣe di pé ó ń gé bàálù lórí tábìlì tó fi ń gé agbádá nìyẹn. Ó fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i, ó sì fi etí sílẹ̀ yípo ìlà náà, ìyẹn ààyè díẹ̀ tó kọjá ìlà. Télọ̀ tó mọ iṣẹ́ kì í gé aṣọ kó má fi etí sílẹ̀. Oníbàárà lè sanra, aṣọ lè súnkì, èèyàn á sì rí ibi tú. Mo ní, "Bọ̀dá mi, bàálù kì í sanra." Ó ní, "Ohun tí ìwọ náà wí nìyẹn nígbà tí mo fẹ́ rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ."

Bàálù náà wúwo, ó sì fẹ̀ níbi tí kò yẹ kó fẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ bàtà jẹ fóòmù rẹ̀ ní ihò-ihò. Bọ̀dá mi mú abẹ́rẹ́ ńlá, ó fi òwú tí wọ́n fi ń ṣe ọnà sára agbádá rán apá rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ó dára lójú púpọ̀. Etí ọ̀sà ní Marina la ti jẹ́ kó fò, ó sì lọ tààrà sínú omi bí ẹni pé ibẹ̀ la rán an sí. Ọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ ojú omi bá wa kó apá kan bọ̀. Ó wo ọnà ara rẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni apá yìí?" Bọ̀dá mi ní òun ni. Ọkùnrin náà ní a kú iṣẹ́, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí tó kọlu ògiri ilé, a wá pápá lọ. Ilé fara kan ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ibi tí ojú ọ̀run bá sì ṣí sílẹ̀, wáyà iná á ti gba ibẹ̀. Bàbá kan tó ń ṣọ́ géètì ilé ẹ̀kọ́ kan lápá Onikan jẹ́ oníbàárà bọ̀dá mi, ó sì gbà kí a máa wọlé láàárọ̀ Sọ́ńdè tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kò sí. A ó kírun àsùbáà, ilẹ̀ á mọ́, a ó gbé bàálù sínú àpò tí bọ̀dá mi fi ń gbé agbádá fún oníbàárà, a ó fẹsẹ̀ rìn kọjá CMS láàárín àwọn onígbàgbọ́ tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó mọ̀ wá á rí àpò náà, wọ́n á bi wá pé òde ta la tún ń lọ. Tí a bá ń padà bọ̀, àpò náà á máa dún wàràwàrà pẹ̀lú àfọ́kù bàálù. Ìyàwó wa á yọjú lójú fèrèsé òkè, á gbọ́ ìró inú àpò, á ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o." Bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ṣòfò gan-an ló ṣe ń kí wa, kò sì ní rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa, kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí pápá lè yé yín. Màmá wa, kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn, kò gbà kí ọmọ dúró gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó jù ú lọ. Orúnkún ló kọ́kọ́ ń kan ilẹ̀, ọwọ́ méjèèjì á tẹ̀ lé e, "ẹ ṣé" á sì kẹ́yìn. Bí a bá gbé e gba ọ̀nà mìíràn, wọ́n á gba nǹkan náà padà, a ó sì bẹ̀rẹ̀ látòkè. Títí di òní, bí bọ̀dá mi bá na ife omi sí mi, ẹsẹ̀ mi á ti tẹ̀ kí n tó rántí pé orúnkún ń dùn mí.

Ní ti àwọn onírùngbọ̀n inú fóònù, òfin tiwọn ni pé kí èèyàn méjì dúró pọ̀. Bí bàálù bá ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń darí rẹ̀, ẹnì kejì á já rìmóòtù gbà. Èmi ni ẹnì kejì. Eré kan wà lórí fóònù tí wọ́n fi ń kọ́ ọ, mo ti fi kọ́ ọ dáadáa, mo sì ti mú bàálù gidi balẹ̀ lórí pápá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Oríire ni bọ̀dá mi pe ìyẹn. Sọ́ńdè kan, bàálù yí po lókè, ó kọ imú sí ilẹ̀, bọ̀dá mi na rìmóòtù sí mi, ó kígbe pé, "Gbà á!" Mo kúnlẹ̀. Kí orúnkún mi tó kan koríko, bàálù ti kan òpó góòlù. Bọ̀dá mi wo òpó góòlù, ó wo èmi tí mo wà lórí ìkúnlẹ̀ tí mo na ọwọ́ méjèèjì, kò rí ẹ̀sùn kankan tó lè fi kàn mí. Ó ní, "Dìde." Mo ní, "Ẹ ṣé."

Ní gbogbo àkókò yìí, mo rò pé ọwọ́ bọ̀dá mi ni kò dáa. Mo sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo sì sọ ọ́ lójú rẹ̀ náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn tó ti ń gbà kọjá láti kékeré. Sáàsì tó fi ń gé aṣọ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an, bọ̀dá mi á máa bi mí pé ta ló gbé sáàsì òun. Ìyàwó wa fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà ní agbára omi inú ẹyinjú rẹ̀ ló pọ̀ jù, ó sì ti ń pa ojú náà láti etí wá sí àárín. Ó ní èyí tó ti lọ kò ní padà, oògùn tí wọ́n á máa kán sí i kàn lè dá èyí tó kù dúró fún ìgbà díẹ̀ ni.

Bọ̀dá mi fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, nídìí tábìlì ìgéṣọ. Ó ní bí ẹni ń wo ìta láti inú páìpù ni òun ṣe ń wo ayé báyìí. Bí bàálù bá wà nínú páìpù, òun ń rí i. Bó bá ti bọ́ kúrò nínú páìpù, ojú ọ̀run lásán ni òun á máa wò, títí òun á fi gbọ́ gbì.

Mo ní, "Kí ló wá dé tí ẹ fi ń pè é ní afẹ́fẹ́ láti ọjọ́ yìí?"

Ó ní, "Kí ni kí n pè é?"

Inú mi bàjẹ́ gan-an. Mo fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n bọ̀dá mi kò sunkún, mi ò sì lè sunkún ṣáájú ẹni tó jù mí lọ.

Ó ní òun ti gba kádàrá. Ó ní aṣọ tí òun rán láyé tó, bí òun ò bá rán òmíì mọ́, alihamudulilahi. "Ṣùgbọ́n bàálù kan ò tíì balẹ̀ lọ́wọ́ mi rí," ó ní. "Ọ̀kan péré ni mo fẹ́. Kó balẹ̀ ní òdidi, lọ́wọ́ èmi, kí ojú yìí tó ti pátápátá. Má gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi o. Ṣáà máa sọ ibi tó wà fún mi."

Ó rọrùn lẹ́nu. Èmi á jẹ́ ojú, òun á jẹ́ ọwọ́. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, bàálù doríkọ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn àwọn kíláàsì. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, bí kò bá ní ni yín lára, ó dà bíi pé ó máa dáa kí ẹ rọra..." A gbọ́ gbì. Bọ̀dá mi ní, "Kí n rọra kí ni?" Mo ní ọ̀rọ̀ náà ti tán.

Nígbà tí a délé, ó jókòó, ó rò ó, ó ní òun ti mọ ohun tó ń ṣe wá. Ọ̀wọ̀ ló ti pọ̀ jù. "Lórí pápá," ó ní, "pàṣẹ fún mi. Máa bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Mo fún ọ láyè." Mo bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú. Mo tún bi í. Ó ní ṣé etí mi ti di ni. Sọ́ńdè mìíràn dé, bàálù ń bọ̀ wálẹ̀ jẹ́jẹ́, èyí tó dáa jù nínú gbogbo èyí tí mo ti rí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀tún." Bọ̀dá mi yí ojú kúrò lókè, ó wò mí. Ó ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?" Bàálù fara balẹ̀ wọ inú wáyà fẹ́ǹsì. Ẹnu bọ̀dá mi ti gbà, àmọ́ ẹnu náà kò tíì sọ fún etí.

Lọ́jọ́ yẹn, ìyàwó wa kò kí wa láti ojú fèrèsé. Ó sọ̀kalẹ̀ wá, ó gba àpò lọ́wọ́ mi, ó dúró kí bọ̀dá mi gun òkè tán. Ó ní, "Àǹtí mi, láàárọ̀ yìí mo dúró sápá òsì Àlàájì, mo ń kí wọn, wọ́n ń wá mi. Wọ́n yí gbogbo ara kí wọ́n tó rí mi. Bí ẹ bá máa ṣe nǹkan yín yìí, ẹ tètè ṣe é."

Bọ̀dá mi gé òmíràn ní ọ̀sẹ̀ náà. Kò rí gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀kan náà mọ́, nítorí náà mo ń fi ìka síwájú abẹ rẹ̀, ó ń gé e bọ̀ títí yóò fi kan ìka mi, èmi á sì tún sún ìka síwájú. A ò bá ara wa jà, ohun tó ṣọ̀wọ́n. A ti gé dé ìdajì apá kejì kí n tó rí i pé orí ìlà gan-an ló ń gé.

"Bọ̀dá mi, ẹ ò fi etí sílẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Bó bá ya ńkọ́?"

"Mi ò ní tún un ṣe."

Mi ò rí i kó gé nǹkankan rí láyé láìfi etí sílẹ̀, ìbáà ṣe àkísà tí wọ́n fẹ́ fi nu ilẹ̀. Nígbà tó rán an tán, mo gbé e, ó fúyẹ́ bíi fìlà. Mo gbé e sílẹ̀ kíá kí ọwọ́ mi má bàa bà á jẹ́.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi pákò sẹ́nu. Mo ju bàálù sókè, bọ̀dá mi fi rìmóòtù gbà á, ó sì ń gòkè. Fún ìgbà díẹ̀ ó wà nínú páìpù rẹ̀. Mo mọ̀, nítorí ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó sì ń fi gbogbo orí tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà bàálù yí gba ẹ̀yìn òrùlé kíláàsì. Orí bọ̀dá mi wo òkè, ó wo ẹ̀gbẹ́, ó padà sókè.

"Dà á?" ó ní. "Dà á?"

Mo la ẹnu láti sọ pé ẹ jọ̀ọ́. Ohun tó jáde kì í ṣe ẹ jọ̀ọ́.

"Òsì!" ni mo wí. "Yí i sí òsì! Mo ní òsì!"

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì dìde dúró. Ohùn náà ba èmi gan-an lẹ́rù. Ohùn Màmá wa ni, ohùn tí wọ́n fi ń pe èèyàn wọlé láti ìta, tí ẹni tí wọ́n pè kì í dúró bèèrè ohun tó ṣe. Bọ̀dá mi yí bàálù sí òsì, kò sì wo ojú mi.

"Ó tó! Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní fi í sílẹ̀! Pa ẹ́ńjìnnì. Ó ń bọ̀. Má ṣe nǹkankan. Gbé imú rẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ ni mo ní! Dúró bẹ́ẹ̀. Dúró."

Bàálù kọjá lórí òpó góòlù, fáànù rẹ̀ ti dákẹ́. Òjìji rẹ̀ ń sáré bọ̀ lórí koríko láti wá pàdé rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń súnmọ́ ara wọn títí wọ́n fi pàdé láàárín pápá. Ó fi ikùn yọ̀ lọ díẹ̀, ó dúró.

Bọ̀dá mi ò kúrò níbi tó wà. Àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lórí rìmóòtù, ó na etí, ó ń retí.

"Ó ti já?" ó ní.

"Ó ti balẹ̀, Bọ̀dá mi."

"Mi ò gbọ́ nǹkankan."

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn tó bá balẹ̀."

Kò gbà mí gbọ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo mú un lọ síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ́ ọ láti imú dé ìrù, ó tọ́ ojú rírán apá ọ̀tún, ó tọ́ tòsì. Ó dà á dojú délẹ̀, ó wá abẹ́ rẹ̀. Koríko tútù díẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ikùn rẹ̀. Ó ṣà wọ́n kúrò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ṣì ń wá ibi tó ya.

"Ó pé," ó ní.

"Ó pé."

"Èmi ni?"

"Ẹ̀yin ni. Mi ò fọwọ́ kan rìmóòtù." Lẹ́yìn náà mo rántí ara mi. Mo ní, "Ẹ má bínú pé mo pariwo mọ́ yín."

Ó ní òun ò gbọ́ ariwo mi, Màmá ni òun gbọ́.

Ó jókòó sórí koríko nínú jálàbíà rẹ̀, ó gbé bàálù náà sórí itan, ó kọjú sí àárín pápá. Inú rẹ̀ dùn, mo rí i. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ń mú un mọ́ra. Ó ní, "Ṣé ó dùn-ún wò?"

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Láti ìgbà tí bàálù ti gba ẹ̀yìn òrùlé, bọ̀dá mi ò tún rí i mọ́. Ohun tó ń tọrọ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ojú èmi ló sì rí i. Ó dùn mí ju gbogbo èyí tó ti já lọ, ó sì dùn mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò mọ èyí tí mo máa mú.

Mo ní, "Ó dùn-ún wò gan-an."

"Sọ bó ṣe balẹ̀ fún mi."

Mo sọ fún un. Mo sọ bó ṣe gba orí òpó góòlù, bí òjìji rẹ̀ ṣe wá pàdé rẹ̀, bó ṣe fi ikùn yọ̀ lórí ìrì. Ó gbọ́ ọ tán, ó wá ń fi àtàǹpàkò ra etí apá bàálù náà.

"Tún un sọ," ó ní. "Má sáré."

Mo jókòó tì í, mo sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti yọ lẹ́yìn òrùlé.